Kánópì ínṣọ́ránsì lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo fi dán an wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ti ń bi mí pé báwo ni kánópì tí mo gbà sọ́jà Àtàkúnmọ̀sà n'Iléṣà níbí ṣe rí, ṣé ó mówó wọlé àbí ó kàn jẹ owó ni. Mo ní kí n jókòó kọ ọ́ dáadáa, torí kò ṣeé fi ẹnu kan sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Ibì kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi gan-an, ibì kan sì wà tó bí mi nínú débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ọdún kẹta rèé tí mo ti gba ìwé àṣẹ ẹ̀jẹ́ǹtì. Ẹni tó bá wà nínú iṣẹ́ yìí mọ bó ṣe máa ń rí: lọ́dún àkọ́kọ́, ẹbí àti ojúlùmọ̀ lèèyàn máa ń tà fún, ẹ̀gbọ́n ẹni, ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹni, àwọn tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà tó kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì. Tó bá fi máa di ọdún kejì, gbogbo wọn ti rà tàbí wọ́n ti sọ pé àwọn ò rà, àwọn míì tiẹ̀ ti ń yà sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n bá rí ẹ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ti wọ gbogbo ọ́fíìsì tó wà nígboro yìí, mo ti jókòó ní staffroom ilé ìwé títí tí wọ́n fi ń pè mí ní tíṣà. Èèyàn tuntun ti tán lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ò bá rí èèyàn tuntun bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kò ní í rí ẹni tó máa sanwó lóṣù tó ń bọ̀.

Àwọn kan wà nílùú yìí tí wọ́n máa ń yá èèyàn ní kánópì àti àga fún òde. Wọ́n rí i pé àwọn oníbáńkì àtàwọn tó ń ta káàdì fóònù máa ń fẹ́ dúró sọ́jà, ni wọ́n bá sọ ọ́ dòwò. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wa tí kò dùn, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní kọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n tà fún mi ni ọjọ́ mẹ́rin lọ́jà, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kan, ₦60,000. Inú owó yẹn ni kánópì kékeré kan wà, tábìlì kan, àga oníke mẹ́rin, gbohùngbohùn tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, ọmọbìnrin méjì tí wọ́n á máa dá èèyàn dúró, owó tíkẹ́ẹ̀tì káńsù, àti pé àwọn fúnra wọn ló máa bá mi rí àwọn àgbà ọjà. Wọ́n tún ṣèlérí pé tí ọjọ́ mẹ́rin bá pé, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù igba èèyàn máa wà lọ́wọ́ mi. Igba orúkọ yẹn ló wọ̀ mí lójú tí mo fi sanwó, òun ló sì já sófo jù lọ nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọ́n ṣe dáadáa. Lọ́dún tó kọjá mo ti dá gbé agboòrùn lọ sọ́jà yìí rí, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn elélùbọ́, kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi lé mi. Ìyá kan bi mí pé, "Ta ló fi ẹ́ síbí?" mi ò sì ní èsì. Ọjà ò dà bíi títì. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tiẹ̀, aláṣọ ní tiwọn, elélùbọ́ ní tiwọn, oníṣu, aláta, eléran, gbogbo wọn wá wà lábẹ́ ìyálọ́jà, àlejò tó bá kàn gbé tábìlì ẹ̀ kalẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni ti rí gbogbo wọn fín.

Àwọn oníkánópì yìí mọ ọ̀nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ wa, ọ̀gá wọn mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà, a gbé obì àti mínírà dání, òun dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀. Màmá ò tiẹ̀ wo mínírà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tẹ́ ẹ bá gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi tẹ́ ẹ bá sá lọ, ta ni n ó dì mú?" Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ayé máa bi àwa ẹ̀jẹ́ǹtì nìyẹn, ká má sì bínú sí i. Mo yọ káàdì ìdánimọ̀ mi, mo yọ ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ínṣọ́ránsì, mo fi àdírẹ́sì ọ́fíìsì wa hàn wọ́n, mo sì sọ fún wọn pé kò sí owó tí ẹnikẹ́ni máa kó lé mi lọ́wọ́, inú àkáǹtì ilé iṣẹ́ ni wọ́n máa san án sí, rìsíìtì á sì jáde. Màmá ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ gbogbo nọ́ńbà yẹn sínú ìwé wọn. Ká ní ohun kan ṣoṣo yìí ni mo rí gbà nínú owó tí mo san, mi ò ní sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Torí láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ní "Ṣé ìyálọ́jà mọ̀ yín?" mo lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lọ wádìí, àwọn kan sì lọ wádìí lóòótọ́ kí wọ́n tó padà wá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ wá bà mí lọ́kàn jẹ́. Aago méje àárọ̀ la ti gbé kánópì kalẹ̀, àwọn ọmọbìnrin yẹn gbé gbohùngbohùn, wọ́n ń pariwo "ẹ wá gba ẹ̀bùn ọ̀fẹ́, ẹ wá gba ẹ̀bùn ọ̀fẹ́". Mo ti ra bíró àti abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sí, ₦18,000 tún nìyẹn yàtọ̀ sí ti kánópì. Èèyàn ya bò wá. Kó tó di aago méjìlá, orúkọ tó wà nínú ìwé ti lé ní àádọ́rin, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹni tó bá gbé fóònù á ní "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pín abẹ̀bẹ̀ lánàá, ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?" Àwọn míì, nọ́ńbà wọn ò pé. Àwọn míì, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, wọ́n kàn ń kọjá lọ ni. Abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n wá gbà, wọ́n sì ti gbà á.

Àwọn tó ní ìsọ̀ gan-an, àwọn tí mo torí wọn wá, wọn ò dìde nídìí ọjà wọn, ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń wò wá. Nígbà tí mo lọ kí ìyá kan tó ń ta léèsì àti àńkárá lódìkejì wa, wọ́n ní, "Ṣé MMM lẹ tún gbé dé yìí?" Mi ò bá wọn jiyàn. Gbogbo wa la rántí bí MMM, ètò tó ṣèlérí èlé ńlá fún ẹni tó bá kówó sí i, ṣe ti owó mọ́ àwọn èèyàn lójú ní oṣù Kejìlá 2016, ẹ̀yìn ẹ̀ ni oríṣiríṣi tún wá, títí tó fi kan CBEX ní oṣù Kẹrin 2025. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Gbohùngbohùn wa àti ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ wa, bí àwọn tó kówó wọn lọ ṣe máa ń wọlé gan-an nìyẹn. Mo padà sábẹ́ kánópì, mo jókòó, mo sì rí i pé èmi ni mo ń sọ ara mi di ohun tí mi ò jẹ́.

Lọ́sẹ̀ kejì ni nǹkan yí padà. Dírẹ́bà kan tó kó iṣu wá pẹ̀lú píkọ́ọ̀bù ń dúró kí wọ́n já ẹrù ẹ̀ tán, òòrùn mú, ló bá wá jókòó sórí ọ̀kan nínú àga wa. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin oní-ínṣọ́ránsì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi wo ìwé mọ́tò mi? Àwọn ọlọ́pàá dá mi dúró lọ́nà Ifẹ̀ níjẹta, wọ́n ní kì í ṣe ojúlówó." Mo gba nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀, mo tẹ *565*11# lórí fóònù mi, mo tẹ nọ́ńbà náà sí i. Kò sí níbẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ìwé ọwọ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní o, ó ní òǹtẹ̀, ó ní gbogbo nǹkan tó yẹ kó ní, ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn ò sí nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì ń kó orúkọ mọ́tò sí. Ọkùnrin náà dákẹ́. Ó wá ní ẹnì kan tó ń bá àwọn ṣe "particulars" lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló ń ṣe é fún òun, ó ti pé ọdún mẹ́rin tóun ti ń sanwó fún un. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Ká ní ó kọ lu mọ́tò ẹlòmíì láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, òun nìkan ni ì bá dá gbé ẹrù ẹ̀.

Ó dìde, ó lọ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń já ẹrù lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tò sí iwájú tábìlì wa, dírẹ́bà, oníkẹ̀kẹ́, ọ̀gbẹ́ni kan tó wá ra ata fún ìyàwó ẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìwé mọ́tò lọ́wọ́. Mo ní kí àwọn ọmọbìnrin yẹn pa gbohùngbohùn. Mo wá páálí kan, mo fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ wá wò ó bóyá ínṣọ́ránsì mọ́tò yín jẹ́ ojúlówó, a ò gba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, páálí yẹn nìkan ni mò ń gbé kọ́. Àwọn kan bá tiwọn níbẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Àwọn kan bá a pé ó ti parí láti oṣù bíi mélòó kan. Àwọn kan ò bá nǹkan kan, bíi ti oníṣu.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń ṣeé sọ, torí àwọn fúnra wọn ló béèrè. Òfin third party, ìyẹn ínṣọ́ránsì dandan tó ń wo ẹni tí mọ́tò yín bá kọ lù, kì í ṣe tuntun, láti 1945 ló ti wà, láyé àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìwé tí wọ́n fi ń dá ọlọ́pàá lóhùn lásán ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni ti mọ́tò àdáni ti kúrò ní ₦5,000 di ₦15,000 lọ́dún, tẹ́ ẹ bá sì ba mọ́tò tàbí ohun ìní ẹlòmíì jẹ́, ó lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún un. Mo máa ń tètè sọ ọ́ pé kò ní tún mọ́tò tiyín ṣe o, ti ẹni tẹ́ ẹ kọ lù ló ń wò, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wo tiyín, comprehensive nìyẹn, owó ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì kan máa ń fo ibẹ̀ yẹn. Ẹ má fò ó, ẹ jọ̀ọ́. Dírẹ́bà tí ẹ bá tan jẹ lónìí, gbogbo gáráàjì ló máa sọ ọ́ fún lọ́la.

Orúkọ mọ́kànlélógún péré ni mo kọ lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, sínú ìwé tèmi, mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yẹn kọ ọ́. Ohun tí mo wá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ọjọ́ tí ínṣọ́ránsì mọ́tò náà máa parí. Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ èyí kó wọ̀ yín létí tó: ọjọ́ ìparí yẹn ju orúkọ lọ. Ẹni tí ti ẹ̀ máa parí ní oṣù Kẹsàn-án, mi ò ní í yọ ọ́ lẹ́nu ní oṣù Karùn-ún. Mo máa pè é nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa ní "Bọ̀dá, èmi ni mo bá yín wo ìwé mọ́tò yín lọ́jà, ti yín máa tó parí o." Kò sẹ́ni tó tíì bínú sí ìpè yẹn. Ìpè "ẹ̀yin tẹ́ ẹ pín abẹ̀bẹ̀" ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ti àwọn ìyá ọjà yàtọ̀ sí ti dírẹ́bà. Wọn ò ní í wá sábẹ́ kánópì rẹ, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ta lo fẹ́ kó wo ọjà fún wọn? Kánópì kàn ń jẹ́ kí wọ́n máa rí ẹ ni. Wọ́n rí ẹ lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n ní á lọ. Wọ́n rí ẹ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní hẹn. Lọ́sẹ̀ kẹta ni ìyá aláṣọ tó fi MMM bú mi yẹn ṣẹ́wọ́ sí mi, wọ́n ní "Ẹ tún wá lónìí," wọ́n fún mi ní àpótí kí n jókòó. Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni, òòrùn ti lé àwọn oníbàárà lọ. Ẹ má lọ bá ìyá kankan láàárọ̀ tí kò tíì tajà, ẹ fi aago kan sí mẹ́ta sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì jókòó síbi tí wọ́n á ti máa rí ọjà wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́rọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ tí màmá yìí bi mí, mo ṣì ń rò ó. Bàbá wọn jẹ́ òṣómàálò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà, òṣómàálò ni wọ́n ń pe àwọn bàbá wa tí wọ́n ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí ọjọ́ owó bá wá pé, tí onígbèsè ò sanwó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó àwọn á fi pé. Màmá ní, "Bàbá mi lóṣòó gba owó tiwọn. Èmi, tí ìsọ̀ mi bá jóná, tí ilé iṣẹ́ yín ò bá sanwó, ṣé ìwọ máa lóṣòó fún mi?" Mo ní màmá, mo máa lóṣòó, ọ́fíìsì wa ò jìnnà, tí wọn ò bá sì dáhùn, NAICOM ní ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn lórí ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì, èmi ni mo máa bá yín kọ lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n mo tún sọ fún wọn pé àwọn náà ní iṣẹ́ tiwọn: kí wọ́n máa tọ́jú rìsíìtì aṣọ tí wọ́n ń rà, kí wọ́n kó o sílé, kì í ṣe sínú ìsọ̀ náà, torí tí iná bá jó ọjà àti rìsíìtì pọ̀, kí la fẹ́ fi hàn pé aṣọ mílíọ̀nù kan ló wà níbẹ̀? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún àwọn rí.

Ó wá kan ti àwìn. Wọ́n ní àwọn á san ìdajì, kí n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, tó bá di ìparí oṣù àwọn á san ìyókù. Mo ní kò ṣeé ṣe, ó wà nínú òfin ínṣọ́ránsì, láti oṣù Kìíní 2013 sì ni NAICOM ti fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ò bá tíì sanwó kò tíì ní ààbò. Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa parí sí. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọ̀wá ti ń múná roko. Ó yé mi. Kéèyàn ti ilé múná dání ni." Gbogbo ìwé tí mo kà fún ìdánwò, kò síbi tí wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìyá tó kù, owó ẹgbẹ́ ni mo fi ń yé wọn. Tí ìsọ̀ ẹnì kan bá jóná, ẹgbẹ́ á dá owó fún un, kálukú á mú ohun tó bá ní wá, ó lè má tó. Ínṣọ́ránsì, a ti dá owó yẹn sílẹ̀ kí iná tó jó. Kì í ṣe àjọ o. Àjọ, owó ẹ ló ń padà sọ́wọ́ ẹ lópin oṣù, alájọ kàn máa yọ ti ọjọ́ kan. Èyí, tí ọdún bá parí tí nǹkan kan ò ṣe ìsọ̀ ẹ, owó yẹn ò padà. Mo máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gbangba, mo sì kíyè sí i pé ẹ̀yìn ìgbà tí mo bá sọ "kò padà" yẹn ni wọ́n tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè gidi. Tó bá wá kan ínṣọ́ránsì ẹ̀mí, mi ò fi ọ̀rọ̀ ikú bẹ̀rẹ̀ rárá, torí "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ló máa kọ́kọ́ jáde, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ ni mo máa ń mú síwájú. Àwọn àlùfáà àti àwọn alhaja tó bi mí nípa èlé, mo sọ fún wọn pé takaful wà, ìyẹn ínṣọ́ránsì tó bá ìlànà ẹ̀sìn Mùsùlùmí mu, tí kò ní èlé nínú, NAICOM ti gbé ìlànà ẹ̀ jáde láti 2013, mo sì fún wọn ní nọ́ńbà ẹnìkan tó ń ṣe é, torí ilé iṣẹ́ tèmi ò ní in.

Ọjọ́ kẹrin ni ohun tó bí mi nínú ṣẹlẹ̀. Ìyá elélùbọ́ kan pè mí, ohùn wọn le: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti ta nọ́ńbà mi ni?" Ẹnì kan ti pè wọ́n pé òun ń yá èèyàn lówó, ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ohun tí wọ́n ń tà, ó mọ ìlà tí wọ́n wà lọ́jà. Mo wádìí. Àwọn oníkánópì yẹn ti kó orúkọ tí àwọn ọmọbìnrin wọn kọ lábẹ́ àsíá wa fún àwọn kan tó ń yáni lówó lórí fóònù. Nígbà tí mo pe ọ̀gá wọn, ó ní àwọn ọmọ tòun ló kọ orúkọ náà, nítorí náà tòun ni. Tiẹ̀ kọ́. Ti ìyá elélùbọ́ ni. Ìyá yẹn fún wa ní nọ́ńbà torí ínṣọ́ránsì, kò sọ pé ká fi ṣe nǹkan míì, òfin ìdáàbòbò dátà tí wọ́n ṣe ní 2023 sì sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbà, tàbí kí ìdí míì tí òfin fọwọ́ sí wà, kí wọ́n tó lo ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni mo tún gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ti sọ fún ìyá kan pé tó bá san ₦10,000, ìlọ́po méjì ló máa gbà padà lóṣù kẹfà. Mi ò dá ọmọ náà lẹ́bi tán. Kò gbàwé àṣẹ, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, wọ́n kàn ní kó ṣáà mú orúkọ wá. Èmi ló yẹ kí n ti sọ fún un láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kó má ṣàlàyé ohunkóhun.

Mo lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún ìyálọ́jà, mo rò ó fún wọn bó ṣe rí. Wọ́n bá mi wí, wọ́n sì ní kí wọ́n pe ọ̀gá oníkánópì wá.

Kí n tó gbàgbé, mo dán ti Ifẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, ní Odò Ògbè, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ibẹ̀. Ọjà náà dáa, èèyàn pọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ò lè tó, Iléṣà ni mò ń gbé, ta ló máa padà lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e? Ohun kan ṣoṣo tí mo mú bọ̀ níbẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ oṣù tó dúró ò mọ̀ pé òfin pẹ́ńṣàn 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ ṣe ínṣọ́ránsì ẹ̀mí fún wọn, tó tó owó oṣù ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. A sọ̀rọ̀ yẹn fún wákàtí kan. Mi ò ta nǹkan kan, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn ní kí n wá bá ọ̀gá àwọn sọ̀rọ̀ níléèwé aládàáni tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí n sọ ti owó. Mo pe gbogbo igba orúkọ tí wọ́n kó fún mi, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi pè wọ́n, èèyàn mẹ́rin ló ní kí n wá, ẹnì kan ló sanwó. Nínú ìwé tèmi, orúkọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́rìnlá ti sanwó: mẹ́wàá third party, méjì comprehensive, ìsọ̀ màmá aláṣọ, àti ètò owó ilé ìwé ọmọ kan. Owó tó ń kàn wá lórí third party ò pọ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà nígbà tí oṣù yẹn parí, ₦78,000 tí mo ná ò tíì padà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló pé, nígbà tí ọjọ́ ìparí àwọn kan dé. Àwọn tó kù nínú ìwé yẹn, oṣù wọn ṣì ń bọ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Mo ti padà sọ́jà báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn oníkánópì kan náà ni mo sì ti gbà á, torí iwájú ìyálọ́jà ni ọ̀gá wọn ti gbà pé òun ṣẹ̀, ó sì pe àwọn ayánilówó yẹn kí wọ́n pa nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ́. Bóyá wọ́n pa á rẹ́ lóòótọ́, mi ò lè búra, ṣùgbọ́n ìyá elélùbọ́ ní wọn ò pe òun mọ́. ₦7,500 ni mò ń san fún ọjọ́ kan, kánópì, tábìlì, àga mẹ́ta àti àyè nìkan, kò sí ọmọbìnrin, kò sí gbohùngbohùn, kò sí igba orúkọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló bá wa kọ ìwé ẹ̀, ó wà níbẹ̀ pé orúkọ kankan tí wọ́n bá kọ lábẹ́ kánópì mi ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Mo ní kí wọ́n gbé mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ńlá lọ síbi tí àwọn mọ́tò ti ń já iṣu, ibẹ̀ ò rẹwà ṣùgbọ́n àwọn dírẹ́bà ń jókòó níbẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n gbé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lọ ata, ẹ ò ní gbọ́ ara yín. Kánópì wọn ń jò tí òjò bá le, ẹ mú ọ̀rá ńlá dání fún ìwé yín. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú yín lọ kí ìyálọ́jà, ẹ béèrè ibi tẹ́ ẹ ti máa lò bíi ilé ìtọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yọ owó gbohùngbohùn àtàwọn ọmọbìnrin kúrò nínú ẹ̀, wọ́n máa kọ́kọ́ kọ̀, tẹ́ ẹ bá dúró díẹ̀ wọ́n máa gbà.